Ta Ló Ń Di Ọmọ Nímú?

Ìmí ọmọ ló jí Olútóyìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe àwọn típà tó máa ń gbé òkúta kọjá níwájú ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìmí Tóyọ̀sí ni, ó ń dún fíìn, fíìn, bí fèrè tí ihò rẹ̀ dí. Olútóyìn na ọwọ́ nínú òkùnkùn yàrá, ó fi kan àyà ọmọ rẹ̀. Àyà náà ń lọ sókè sódò bíi ti adìyẹ tí wọ́n lé títí kí wọ́n tó rí i mú.

"Mọ́mì," ni ọmọ ọdún mẹ́fà náà wí, ó sì sinmi kó tó rí ìyókù sọ. "Ẹ gbé mi... jókòó."

Olútóyìn gbé e jókòó, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà ara rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Eruku funfun tó ti sùn sójú fèrèsé láti àná dìde, ó sì ṣáájú atẹ́gùn wọlé. Olútóyìn kò tilẹ̀ kíyè sí i. Eruku yẹn ti di ará ilé. Ó wà lórí páànù, ó wà lójú omi inú dúrọ́ọ̀mù, ó ti bo ewé kòkó débi pé ewé kò dán mọ́. Ta ló ń bèèrè lọ́wọ́ ará ilé pé kí ló wá ṣe?

Abúlé wọn kò jìnnà sí Odode, àmọ́ ẹ̀yìn òkè ló wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ afọ́kùúta kan ti ń la òkè sí wẹ́wẹ́. Àwọn àlejò tó ń ti Èkó wá gun Òkè Ìdànrè, apá kejì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á dúró lórí àpáta, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á fa èémí símú, wọ́n á ní kò sí ibi tí atẹ́gùn ti mọ́ tó ti Ìdànrè. Wọn kò purọ́. Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ń sọ.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyá Àrìnkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, wọlé pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná tó kún fún ewé. Aṣọ rẹ̀ ń rùn èéfín igi, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ dá iná láàárọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí àyà Tóyọ̀sí bá ti ń dún, á fi aṣọ bo ọmọ lórí, á ní kó fa ooru ewé símú, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra á nímú, á ra á láyà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ọwọ́ arúgbó náà nìkan ni Olútóyìn ń wò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nílé àdúrà, Wòlíì Ọlọ́runyọmí ríran láàárín ìjọ. Ó ní, "Mo rí àgbàlagbà obìnrin kan tó fi àtẹ́lẹwọ́ di ọmọdé nímú. Kò jìnnà sí ọmọ náà." Wòlíì kò dárúkọ. Àwọn ará ìjọ ló bá a wá orúkọ sí i.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Olútóyìn wí.

Arúgbó dúró. "Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Àrìnkẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ dé, ikọ́ tó máa ń tẹ̀ ẹ́ ba, tí kì í jẹ́ kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Nígbà tí ikọ́ fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó nu ojú. "Kò burú," ó ní. "Gbé ọmọ yìí kúrò níbí nígbà náà. Gbé e lọ sọ́dọ̀ Mojọlá l'Ákùúrẹ́. Nígbà tó lọ ṣọdún níbẹ̀, ṣé ó wúkọ́?"

 Olútóyìn ti ro ọ̀rọ̀ yẹn ní oókan àyà rẹ̀ títí. Tóyọ̀sí lo gbogbo ọlidé Kérésì lọ́dọ̀ Àǹtí Mojọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sáré, ó jó, ó sanra bọ̀ wálé. Kò pẹ́ tó padà dé ni àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kí ló wà nílé yìí tí kò sí l'Ákùúrẹ́? Ìbéèrè náà kò le lójú Olútóyìn. Ohun tó wà nílé tí kò sí l'Ákùúrẹ́ ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, tó ró ìró mọ́ àyà.

Ó pọn ọmọ, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀, Ayọ̀túndé, ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́. Típà ló ń wà fún àwọn afọ́kùúta láti ìgbà tí oko kòkó kò ti mú nǹkan wálé mọ́. Ìbomú tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí ni?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Kí ni kí n sọ?" Ayọ̀túndé ń wá ọ̀nà tí ojú rẹ̀ yóò gbà tí kò ní í bá ti ìyàwó rẹ̀ pàdé. "Wọ́n máa yin òkúta lónìí. Máníjà ní ẹni tó bá pẹ́ kó kúkú jókòó sílé títí ayé. Mo ti pe Àǹtí Mojọlá. Mo ní kí wọ́n wá mú Màmá lọ sọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní abúlé yìí kò dáa létí."

Olútóyìn tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀yin náà mọ̀ nígbà náà."

"Mọ kí ni?"

"Ẹ mọ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀, kí ni ẹ ń lé ìyá yín lọ sí ìlú fún?"

Ayọ̀túndé la ẹnu, ó pa á dé. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Ìyẹn tó Olútóyìn. Ẹni tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ láti gbà á sílẹ̀, kí ni ará ìta fẹ́ sọ?

Oòrùn kò tíì mú tí Ìyá Gbọ́tèmi, aládùúgbò wọn, fi wọlé. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ó kí arúgbó látòkèèrè, ó wá fa àpótí sún mọ́ Olútóyìn, ó fi etí gbọ́ àyà Tóyọ̀sí bí ẹni ń gbọ́ rédíò.

"Ó tún le ju ti àná lọ," ó ní.

"Ó le jù ú lọ."

"Gbọ́tèmi tèmi náà wúkọ́ mọ́jú. Ta ni kò wúkọ́ ní abúlé yìí? Ṣùgbọ́n tìrẹ yìí, àbẹ́lé ni. Wọn kì í ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Tóyọ̀sí, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Mojọlá tí ìyá yìí bí, ṣé ó ń sùn nílé yìí?"

Olútóyìn ronú. "Rárá. Bó bá wá láàárọ̀, á ti lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́."

"Gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀?"

"Kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Pamílẹ́rìn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lo ti rí ọmọ yẹn níbí kẹ́yìn?" Ìyá Gbọ́tèmi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì jẹ́ kó dún. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọmọ tó bí mọ ohun tó ń sá fún, ìwọ tí wọ́n fẹ́ wọlé lò ń jókòó tì í."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí Olútóyìn lára, ó sì bá àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jókòó. Nígbà tí ìyá àgbà gbé iṣu sísè àti epo wá fún wọn, ó dúpẹ́, ó dúró kí arúgbó yíjú, ó da á fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó gbójú sókè wò wọ́n bóyá ó ṣì kù. Ìyá Àrìnkẹ́ rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.  Ó wọlé padà, ó tún ki igi sáná.

Nígbà tí àwọn obìnrin ilé àdúrà dé, àdúrà ni wọ́n fi wọlé. Wòlíì ní kí wọ́n wá mú Ìyá Àrìnkẹ́ lọ sí ilẹ̀ àánú tó wà nílé àdúrà, kó gbààwẹ̀ níbẹ̀ kí Ọlọ́run tú ohun tó wà láàárín òun àti ọmọ. Wọn kò pè é ní orúkọ kankan. Wọ́n rọra sọ ọ́, bí ẹni ń gbé ẹyin lórí òkúta.

Arúgbó gbọ́ wọn tán. Nígbà tí inú bá bí i, èdè Ìdànrè àtijọ́ tí àwọn ọmọdé kò gbọ́ yékéyéké ló máa ń sọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ọ́. Olútóyìn ló kọjú sí.

"Ìyàwó mi, bí mo bá bá wọn lọ, ṣé ọmọ á mí?"

Olútóyìn ń wo ilẹ̀. Ìyá Gbọ́tèmi ń wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ ń wo Bíbélì ọwọ́ wọn.

"Ó dáa," ni Ìyá Àrìnkẹ́ wí. Ó mú gèlè, ó wé e dáadáa bí ẹni ń lọ sóde ìnáwó, ó ṣáájú wọn jáde.

Ohun tó wá jẹ́ kó burú ni pé ọmọ náà mí lóòótọ́. Kò ju bí ẹni jẹun tán lọ tí arúgbó kúrò nílé, ìmí Tóyọ̀sí rọlẹ̀. Ìkùukùu òwúrọ̀ ti ká nílẹ̀, atẹ́gùn ti yíjú sí apá ibòmíràn, iná ilé ìdáná ti kú, àmọ́ ta ló ń ro ìyẹn? Tóyọ̀sí mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó bèèrè ṣúgà. Olútóyìn bú sẹ́kún nítorí ṣúgà tí ọmọ bèèrè.

"Ẹ wá wò ó o!" ó ké sí Ìyá Gbọ́tèmi. "Àní ẹ wá wò ó!"

"Mo wí," ni Ìyá Gbọ́tèmi ń sọ. "Ṣé mi ò wí?"

Olútóyìn fi ayọ̀ dìde, ó tún iná dá, ó gbé agbada ka orí rẹ̀ kó lè yan gàrí tó ti kù láti àná. Igi náà tutù díẹ̀, èéfín pọ̀. Ó gbé Tóyọ̀sí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lára rẹ̀. Ẹnì kan kò ní í tún gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé wá bá ọmọ yìí.

Ìgbà yẹn ni fèrè àwọn afọ́kùúta dún. Gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n: ó máa ń kọ́kọ́ dún gùn, adìyẹ á sá wọlé, àwọn ìyá á di etí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni òkúta bú. Ilẹ̀ mì, abọ́ jábọ́ lórí pákó, nǹkan kan tún sán lára ògiri yàrá tó ti sán tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́, eruku gba orí igi kòkó wá bí òjò tó ń rọ̀ láìlómi. Ó bo oòrùn lójú. Ó bá èéfín agbada pàdé, àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan.

Tóyọ̀sí wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó la ẹnu láti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí nǹkan tó jáde. Ọrùn rẹ̀ fà, ihò imú rẹ̀ fẹ̀, ètè rẹ̀ ń dúdú bọ̀ bíi ti ẹni tó fi ètè kan aró. Ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Tóyọ̀sí! Mí! Mí, ọmọ mi, jọ̀ọ́ mí!"

Olútóyìn gbé e sáré jáde, eruku ló bá lóde. Ó gbé e sáré wọlé, èéfín ló bá nílé. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, fóònù kò wọlé. Bí wọ́n bá ń yin òkúta, pípa ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pa fóònù. Ìyá Gbọ́tèmi ń ké Jésù, ó ń káàkiri àgbàlá, ó ń fi ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀.  Ẹni tí wọ́n ní ó ń di ọmọ nímú wà ní ilẹ̀ àánú láàárín àwọn obìnrin ìjọ, ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Ta ló wá ń dì í nímú báyìí?

Àárín ariwo yìí ni ọkọ̀ Àǹtí Mojọlá dé, tí iná iwájú rẹ̀ tàn nínú eruku bíi pé alẹ́ ni. Mojọlá fi ìborùn bo imú sọ̀kalẹ̀. Ó rí ọmọ, ó sọ ìborùn nù, ó sáré sí báàgì rẹ̀. Ohun tó mú jáde kéré, ó funfun, ó tẹ̀ kọdọrọ. Ó fẹ́ ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹnu ọmọ.

Olútóyìn gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Kí lẹ fẹ́ fín sí ọmọ mi lẹ́nu?"

"Ínhélà ni. Ti Pamílẹ́rìn ni. Tóyìn, fún mi láyè!"

"Ẹ ò ní í parí èyí tí ìyá yín bẹ̀rẹ̀!"

Mojọlá dúró. Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ti ń dunni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Ó di èjìká Olútóyìn mú, ó mì í. "Wò mí lójú. Ọmọ tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ètè ẹ̀ ṣe máa ń dúdú nìyẹn. Bí o bá fẹ́, mú ọ̀bẹ dání, bí ọmọ yìí bá kú lọ́wọ́ mi kí o gún mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fún un!"

 Olútóyìn jọ̀wọ́ ọmọ fún un. Mojọlá tẹ nǹkan náà, ó ní kí ọmọ fà á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, fèrè inú àyà ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, fíìn, fíìn. Ariwo tí Olútóyìn kórìíra láàárọ̀, òun ló wá ń gbọ́ bí orin.

Wọ́n wọ ọkọ̀; lójú ọ̀nà ni Olútóyìn ti sọ fún Mojọlá ibi tí wọ́n mú Màmá lọ. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lójú ọ̀nà, wọ́n yà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo ọmọ, ó ní kí wọ́n má ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rárá, kí wọ́n máa lọ sí Àkúrẹ́, pé kò sí atẹ́gùn àfàsímú nílẹ̀, kò sì síná. Wọ́n tún ṣẹ́rí sọ́nà. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ẹ̀yìn òkè ni ewé igi ẹ̀bá ọ̀nà ń dán sí i. Olútóyìn rí i láti inú gíláàsì. Ó rí i, kò fẹ́ rí i.

L'Ákùúrẹ́, wọ́n fi nǹkan bo ọmọ nímú lẹ́nu, ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín funfun tútù ń jáde. Díẹ̀díẹ̀, pupa padà sí ètè Tóyọ̀sí. Dókítà, obìnrin kan tó ti rẹ̀ lójú, wá bi wọ́n ní ìbéèrè.

"Kí lẹ fi ń dáná nílé?"

"Igi, mà," ni Olútóyìn wí.

"Níbo lọmọ máa ń wà bí ẹ bá ń dáná?"

Olútóyìn tún aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ. "Lọ́dọ̀ mi."

"Ilé-iṣẹ́ kankan ńkọ́ nítòsí yín? Ibi tó ń tú eruku?"

Ayọ̀túndé ti dé nígbà yẹn. Aládùúgbò ti ránṣẹ́ pè é, ó gun alùpùpù dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, irun ojú rẹ̀ funfun bíi ti arúgbó. Òun ló yẹ kó dáhùn. Gbogbo wọn ń retí rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀rọ tó ń kùn. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Dókítà wo eruku ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò tún ìbéèrè bi. "Ikọ́ fée lọmọ yín ní," ó ní. "Ẹni tó ní irú rẹ̀ ní ìlú, tó ń rí oògùn lò, tó sì ń dáná gáàsì, á máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń gbé yẹn, òun ló ń pa á lára. Ẹ má tíì gbé e padà síbẹ̀. Ẹlòmíràn tún ń wúkọ́ nílé?"

"Ìyá àgbà," ni Mojọlá wí.

"Èmi náà," ni Olútóyìn wí, bíi pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Nígbà tí dókítà lọ, Olútóyìn yíjú sí Mojọlá. "Àǹtí, ẹ ní irú rẹ̀ ló ń ṣe Pamílẹ́rìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi mú un wá?"

"Eruku yẹn ni."

"Mo rò pé Màmá lẹ ń sá fún."

"Màmá?" Ojú Mojọlá pọ́n. "Eruku ni mò ń sá fún, Tóyìn. Dókítà kìlọ̀ fún wa nígbà tó kọ́kọ́ mú un."

"Ẹ wá mọ̀. Ẹ wá ń ti gíláàsì ọkọ̀, ẹ ń kí wa látinú ẹ̀, ẹ ń lọ. Ta ló sọ fún àwa?"

 Mojọlá bẹ̀rẹ̀ sí í to ìrọ̀rí ọmọ tó ti tò dáadáa tẹ́lẹ̀.

Olútóyìn wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ó na ìka sí ìbomú ọrùn rẹ̀. "Kí ni wọ́n fún yín ní nǹkan yìí fún?"

"Níbi iṣẹ́ ni..."

"Mo mọ̀ pé níbi iṣẹ́ ni. Mo ní kí ni wọ́n fún yín ní i fún?"

"Kí ẹ tó máa wò mí bẹ́ẹ̀," ni Ayọ̀túndé wí, "kí lẹ fẹ́ ká jẹ? Oko kòkó tí eruku bò, ṣé ó ń so? Bí mo bá la ẹnu, ẹlòmíràn ló máa wa típà yẹn lọ́la. Eruku náà ò ní í torí ẹ̀ dúró."

"Ẹ kò la ẹnu sí máníjà, mo gbọ́. Láàárọ̀ yìí tí mo ń fẹ̀sùn kan ìyá yín, tí ẹ pa ẹnu dé, ṣé máníjà ló wà ní àgbàlá wa?"

Tóyọ̀sí ti sùn. Mojọlá ló kọ́kọ́ fọhùn. "Mi ò lè kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ilé mi náà ló máa sùn bí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Tóyìn, ojú rẹ ni wọ́n ṣe mú ìyá mi lọ. Lọ mú un jáde kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ayọ̀túndé fi alùpùpù gbé e padà. Nígbà tí wọ́n dé oríta ilé àdúrà, ó dúró, ó ní kó máa wọlé lọ, pé òun fẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ ṣàlàyé bí òun ṣe sá kúrò. Olútóyìn kò bá a jiyàn. Ó wọlé nìkan.

Ìjọ pé. Ìyá Àrìnkẹ́ jókòó sórí iyanrìn láàárín wọn, gèlè rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wé e, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Wòlíì Ọlọ́runyọmí rí Olútóyìn, ó gbọ́wọ́ sókè.

"A ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀! Ọmọ ń mí! Ẹ ò rí iṣẹ́ Olúwa? Láti ìgbà tí a ti fi ààwẹ̀ dá ìyá yìí dúró níbí, ọmọ ń mí!"

"Halelúyà!" ni ìjọ dáhùn.

"Wòlíì," ni Olútóyìn wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó tún un pè. "Wòlíì, nígbà tí ìmí ọmọ mi dí, ọ̀dọ̀ yín níbí ni Màmá wà."

Ó sún síwájú.

"Níwájú yín ló wà. Ìgbà tí òkúta bú ni ìmí ọmọ dí. Ẹ̀gbẹ́ iná tí èmi fi ọwọ́ ara mi dá ló jókòó sí. Dókítà ní eruku ni, àti èéfín. Ṣé ẹ̀yin náà kì í wúkọ́ ni?"

Ẹnì kan lẹ́yìn wúkọ́, ó fẹ́ pa á mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ń lọ láti bẹ́ǹṣì kan sí èkejì. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Wòlíì dúró kí wọ́n wúkọ́ tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú; ó gbàdúrà fún ọmọ yẹn ní tòótọ́. "Arábìnrin," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ̀mí kì í rìn bí ènìyàn. Ó lè jókòó níbí kó sì wà níbẹ̀."

Ìyá Gbọ́tèmi, tí òun náà wà láàárín ìjọ, mi orí. Àwọn mìíràn mi orí. Olútóyìn wò wọ́n, ó sì mọ̀ pé bó bá ṣe pé àárọ̀ ni, òun náà ìbá mi orí. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi bá irú èyí jà. Ó lọ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde ká lọ sílé."

"Ṣé ọmọ ń mí?"

"Ó ń mí, Màmá."

Arúgbó mi orí. Olútóyìn na ọwọ́ láti gbé e, arúgbó gba apá rẹ̀ kúrò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀, ó dìde. Nígbà tí wọ́n ń kọjá, obìnrin kan fa ọmọ kékeré rẹ̀ mọ́ra. Ìyá Àrìnkẹ́ rí i.

Wọ́n rìn délé. Ìyá Àrìnkẹ́ wọ yàrá rẹ̀, ó di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó ká ẹní rẹ̀.

"Màmá, Àǹtí Mojọlá ní kí ẹ máa bọ̀ l'Ákùúrẹ́."

"Kí Mojọlá fi àyè yẹn fún ọmọ. Ikọ́ tèmi ti dàgbà." Ó ń so báàgì. "Àbúrò mi wà ní Ofosu. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ tuntun mi níbẹ̀."

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ìyá Àrìnkẹ́ gbé báàgì dání. "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́," ó ní. "Èmi náà, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò torí rẹ̀ fi ẹ̀sùn kàn ọ́." Ó pe ọlọ́kadà kan tó ń kọjá kó gbé òun dé ibùdókọ̀ Odode. Kò wẹ̀yìn.

Olútóyìn jókòó sí ẹnu ọ̀nà nìkan. Ìyá Gbọ́tèmi ti ilé rẹ̀ yọjú, ó rí i, ó tún fa orí wọlé. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí alùpùpù Ayọ̀túndé yà wọlé. Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wí bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, pé máníjà bínú ṣùgbọ́n ó gbọ́ àlàyé, pé lọ́la òun á tètè jí. Ó wọ inú ilé, ó gba iwájú yàrá ìyá rẹ̀ kọjá, ó padà síbẹ̀, ó dúró.

"Ìyá mi dà?" ó ní.

Láti ọjọ́ tí Olútóyìn ti fẹ́ ẹ, kò pè é ní ìwọ rí.

"Lọ bi àwọn tí o tìtorí wọn pa ẹnu mọ́," ó ní. "Ìwọ àti wọn lẹ jọ gbé e lọ."

 Ayọ̀túndé dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá náà, kò lè wọlé, kò sì lè jáde.